Leokadia àti Studebaker Bàbá Rẹ̀

Ẹni tó bá wọ ilé Leokadia ní South Bend, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí. Ó gbé e kọ́ sára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí àlejò tí kì í dúró wò ó. Nínú fọ́tò yẹn, Feliks ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ń ya fún ìwé ìrìnnà, àmọ́ Leokadia ò wo kámẹ́rà rárá. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó yí ọrùn sí i pátápátá, bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn láyé. Àwọn ọmọge tó bá rí i á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ìfẹ́ ayé àtijọ́ nìyẹn. Èmi tí mo wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, torí mo mọ ohun tó ṣe ọrùn náà.

Bronka ni wọ́n ń pè mí. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo àwa ọmọ Poland tó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú wa ló mọ̀ mí mọ́ ọn, nítorí náà bí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ gbàgbé èyí tẹ́ ẹ gbọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Lodzia la máa ń pe Leokadia. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé ló ti ń rán ìjókòó ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Studebaker, ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi ló sì tẹ̀lé tirẹ̀. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Bí ọ̀gá wa bá kọjá tó ní ká ṣe kíá, Lodzia á ní, "Ọ̀gá, ẹ wá fi ìdí yín wọn èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán yìí, ká mọ̀ bóyá ó máa gbà yín." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á kọjá lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo sọ irú ẹ̀, ilé ni wọn ì bá ní kí n máa lọ.

Bàbá rẹ̀, Wincenty, ti wà ní ilé iṣẹ́ yẹn ṣáájú wa, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá àgbà rẹ̀, Marcjanna, ló tọ́ ọ. Lọ́dún 1949, Wincenty ra Studebaker tuntun kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Champion, aláwọ̀ ewé, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á títí ó fi kú. Ìgbà tó kú, ọkọ̀ náà di ti Lodzia. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tú gbogbo ìjókòó inú rẹ̀ palẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún wọn rán. Ó ní irin tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, ọwọ́ bàbá òun ló ti jáde, òun náà sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí òun fi sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ fi gíláàsì yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká títí dé ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn náà wá jọ iwájú. Búùtù rẹ̀ gùn, ó nà jáde bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ. Kò síbi tí wọn ò ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tá à ń ṣe é náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ tí ẹni tí kì í ṣe ara wa bá dán an wò, ìjà dé nìyẹn.

Ibi yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ni Feliks gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, Chevrolet ló ń wà, ó sì máa ń nu ún títí èèyàn á fi rí eyín ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ Dyngus, ìyẹn Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Àjíǹde, àwọn ọkùnrin wa máa ń da omi lé obìnrin lórí, pàápàá obìnrin tó bá wù wọ́n. Feliks gbé garawa omi, ó sápamọ́ sẹ́yìn igi létí títì, ó ń dúró de Lodzia, torí ó ti rí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè. Ó dúró, ó dúró. Ọkọ̀ ń kéré sí i. Ìgbà tó yé e pé ọkọ̀ ń lọ ni, kì í ṣe pé ó ń bọ̀, ó fi eré sí i, ó bá a níbi tó ti dúró, ó sì fi gbogbo agbára da omi lé búùtù. Lodzia bọ́ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Túsìdeè ni obìnrin máa ń gbẹ̀san, àmọ́ kò dúró de Túsìdeè. Ó gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ pọn omi lágbàlá ẹnì kan, ó sì dà á lé e látorí délẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bùọ̀dá," ló wí. "Ṣé ẹ ti wá mọ ibi tí orí wà báyìí?"

"Tèmi ni mo mọ̀," Feliks fèsì, omi ń kán ní imú rẹ̀. "Ti ọkọ̀ yín ni mi ò mọ̀ yàtọ̀ sí ìdí."

Mo sọ fún ara mi níbẹ̀ pé àwọn méjèèjì ti fẹ́ra wọn tán.

Láti ọjọ́ yẹn, tí Feliks bá wá kí i nílé, gáréèjì ló máa kọ́kọ́ yà sí. Á ṣí fìlà, á tẹrí ba fún búùtù, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi." Lẹ́yìn náà á rìn yí ká, á tẹrí ba fún bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ má bínú o, àbí ẹ̀yin ló yẹ kí n kí?" Lodzia á ju ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lù ú. Nígbà mìíràn ọ̀dùnkún ni, nígbà mìíràn bàtà ni. Ìyá àgbà á wò wọ́n láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, á ní kí wọ́n má fi ọ̀dùnkún òun ṣòfò, kí wọ́n máa lo bàtà.

Lọ́dún 1963, kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa. A ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ìlú wa àti Studebaker ti jọ wà pẹ́ débi pé àwọn bàbá wa máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n ìyá wọn: wọ́n á bú u nínú ilé, wọ́n á gbè é níta. Lọ́jọ́ tá a ṣe kẹ́yìn, Lodzia rán ìjókòó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gé òwú, ó ti sísọ́ọ̀sì bọ àpò, ó sì jókòó síbẹ̀. Mo jókòó tì í. A sunkún dáadáa, mi ò ní tàn yín. Nígbà tó yá, a nu ojú, a lọ jẹ sọ́sééjì àti kábéèjì lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀, torí ebi ń pa wá.

Láàárín oṣù díẹ̀, ó di pé àwọn èèyàn ń ta Studebaker wọn ní ẹ̀dínwó. Wọ́n ní ta ló máa wa ọkọ̀ tí kò ní rí ẹni bí i mọ́? Lóòótọ́ ibì kan ṣì wà ní Kánádà tí wọ́n ti ń ṣe é, àmọ́ ta ló fẹ́ mọ ìyẹn lọ́dọ̀ tiwa? Ní gbogbo ìgbà yẹn, Feliks ò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó ń fi Chevrolet rẹ̀ gbé Lodzia káàkiri wáṣẹ́ títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń rán àga. Lodzia fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sídìí yẹ̀yẹ́ rẹ̀, pé bó ṣe dákẹ́ yẹn ń dẹ́rù ba òun. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń kí búùtù.

Ohun tó fa àdéhùn wọn ṣẹlẹ̀ lóṣù March ọdún 1966. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Àjíǹde gan-an, torí wọn kì í gbéyàwó nígbà Lẹ́ńtì. A jókòó nílé ìdáná Ìyá àgbà, à ń jẹ pierogi, ìyẹ̀fun pípò tó di ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì sínú rẹ̀, ni Feliks bá wọlé, ìwé ìròyìn wà lábíyá rẹ̀.

"Lodzia, wọ́n ti ti èyí tó wà ní Kánádà náà pa. Ó parí. Kò sí Studebaker mọ́ láyé."

"Ọ̀kan wà nínú gáréèjì mi."

"Ìyẹn? Ìyẹn ti darúgbó. Ó ń wúkọ́, ó ń sín, jíà rẹ̀ ń há. Jẹ́ ká tà á ká tó ṣègbéyàwó. Àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílé tá a gbà."

"Ta tìrẹ."

"Tèmi tó ń rìn?"

"Ẹsẹ̀ ìwọ náà ń rìn. Máa fi rìn."

Mo rẹ́rìn-ín títí pierogi fi fẹ́ há mi lọ́fun. Àmọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, Lodzia ti gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Feliks," ló wí, "bàbá mi ò sí mọ́ tó máa mú mi lọ sílé Ọlọ́run. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń gbé mi jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, á ní inú ẹ̀ lòun máa gbé mi lọ síbi ìgbéyàwó mi. Òun ti lọ. Ọkọ̀ ló kù."

Feliks họ orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ agídí wà lára rẹ̀, ó sì fẹ́ràn Chevrolet rẹ̀ bí èmi ṣe fẹ́ràn ẹnu mi.

"Ó dáa," ló wí. "Jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Tó bá fi agbára ara ẹ̀ gbé ẹ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, màá ta Chevrolet. Studebaker nìkan ló máa wà nílé wa. Mi ò ní ṣàròyé. Àmọ́ tẹ́nikẹ́ni bá tì í, tí wọ́n bá fà á, tàbí tí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lójú títì, ó di títà nìyẹn."

"Mo gbà."

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí o."

"Mo ti gbọ́," Ìyá àgbà dáhùn. "Ẹ jẹun, ó ti ń tutù."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ẹ má bi mí pé ta ló sọ fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, àwa obìnrin tá a jọ rán ìjókòó ti fọ ọkọ̀ náà, a ti so ríbọ́nì funfun mọ́ ọn níhà méjèèjì. Feliks àti àwọn ọkùnrin ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Mímọ́ Kasimir. Ìyá àgbà gbàdúrà fún Lodzia lẹ́nu ọ̀nà, ó fi omi mímọ́ wọ́n ọn, ó sì rán an létí ohun tí gbogbo ìyàwó wa mọ̀. Ìyàwó tó bá ti jáde nílé tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Tó bá wẹ̀yìn, ilé tó ti jáde ló máa padà sí, ìgbéyàwó náà ò ní kalẹ́.

"Mo ti gbọ́, Ìyá àgbà."

"Kódà tí ilé bá ń jó."

"Mo ti gbọ́."

Lodzia ló fẹ́ wa ọkọ̀, torí òun nìkan ni ọkọ̀ yẹn máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìgò ọtí lórí itan. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú wa dùn. Ó fi rìfáàsì jáde nínú gáréèjì, ó yí i sójú títì, ó ta ìdí rẹ̀ sápá ṣọ́ọ̀ṣì kó lè ráyè yí i padà, ó tẹ kilọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ fi sí jíà tó máa gbé e lọ síwájú. Mo rí i tó fa ọ̀pá jíà. Mo rí i tó tún un fà. Ọ̀pá náà ò mira.

"Bronka."

"Kí ló dé?"

"Kò kúrò."

"Kí ni kò kúrò?"

"Jíà. Ó ti há sí rìfáàsì."

Mo ní kó jẹ́ kí n sáré pe ọkùnrin kan ní ìdí ilé kejì, kó wá fi òòlù gbá a, pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Lodzia ní inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa gbá a. Mo ní ṣebí iwájú ilé la ṣì wà. A jọ yíjú sí Ìyá àgbà. Obìnrin yẹn kò lè purọ́ kódà fún dókítà. Ó yọ ojú síta, ó wo ilẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kan títì," ló wí. "Ojú títì la wà."

Lodzia tún fa ọ̀pá jíà, kò mira. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na apá ọ̀tún sẹ́yìn àga, ó fẹ́ yí ọrùn, ni Ìyá àgbà bá pariwo.

"Má wẹ̀yìn!"

"Ìyá àgbà, rìfáàsì ni mo fẹ́ fi lọ."

"Mo ní má wẹ̀yìn. O fẹ́ kó o padà wá bá mi nílé ni?"

"Ìyá àgbà. Ṣọ́ọ̀ṣì dà?"

Ìyá àgbà nawọ́ sí gíláàsì ẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìka gún mi lójú. "Òun nìyẹn lọ́hùn-ún."

"Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn mi ni àbí iwájú?"

Ìyá àgbà ronú. Ó gbé rosari sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó wo ibi ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo ilé, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó bínú sí i.

"Ilé ló wà lẹ́yìn rẹ," ló wí nígbà tó yá. "Ṣọ́ọ̀ṣì ni kó o máa wò. Àmọ́ gbọ́ mi o. Tó o bá fi lè yíjú wo bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ti wẹ̀yìn nìyẹn."

Bá a ṣe gbéra nìyẹn. Lodzia yí ọrùn sápá ọ̀tún, ó gbójú lé gíláàsì ẹ̀yìn, kò sì yí i padà mọ́. Mo ba mọ́lẹ̀ kó lè ríran. Ìbòjú rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń tu ú jáde. Rìfáàsì ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ìyá àgbà nìkan ló lè wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń juwọ́ sí ilé tó ń jìnnà sí wa, ó ní òun kì í ṣe ìyàwó.

Àwọn èèyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ń juwọ́ ni, wọ́n ń ju òdòdó. Ó yé mi díẹ̀díẹ̀ pé wọn ò mọ̀ pé rìfáàsì la fi ń lọ. Bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí náà ni wọ́n ṣe ń wò ó. A dé igun òpópónà Chapin, a bá okùn tí wọ́n fi ríbọ́nì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n nà dábùú títì. Ẹ mọ̀ pé àwọn aládùúgbò gbọ́dọ̀ dínà fún ìyàwó, wọn ò sì ní ṣí i àfi tí wọ́n bá gba ọtí. Bolesław tó ń ta ẹran ló ṣe olórí wọn. Ó gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ sínú àwo, ó rìn wá síbi tó rò pé ó jẹ́ iwájú, ó tẹrí ba fún búùtù, ó wá yọjú sí gíláàsì. Èmi ló rí.

"Bronka? Ìyàwó dà?"

"Ó wà lẹ́yìn."

"Lẹ́yìn ibo?"

"Bùọ̀dá Bolesław, ẹ gba ọtí yín."

Mo na ìgò sí i lójú fèrèsé. Ó gbà á, ó wò mí, ó wo Lodzia tó ń tẹjú mọ́ ọn gba orí mi láìṣẹ́jú, ó sì ṣí okùn kíákíá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Bolesław ò fẹnu kan ìgò yẹn lọ́jọ́ náà. Ó ní ojú òun ti ń ṣe bákan kí òun tó mu rárá.

A lè gba ọ̀nà tó kúrú, àmọ́ Lodzia ti sọ pé òun gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé iṣẹ́ kọjá, torí ibẹ̀ ni bàbá òun ṣiṣẹ́ sí. Ẹ̀rù bà mí. Géètì ilé iṣẹ́ ti wà ní títì pa, àmọ́ àwọn bàbá tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì máa ń pàdé lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, torí ẹsẹ̀ wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn. Àwọn yẹn ò lè ṣàì mọ̀. Àwọn ni wọ́n de ọkọ̀ náà pọ̀. Bí wọ́n bá fi ojú dídì fọwọ́ bà á, wọ́n á mọ iwájú.

Igbe rìfáàsì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Mo rí wọn tí gbogbo wọn gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Hipolit wà láàárín wọn, ọ̀rẹ́ Wincenty, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ to jíà. Ó wo ọkọ̀, ó wo Lodzia. Ó ti gbọ́ àdéhùn náà bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Gbogbo wọn ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì, ó dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pe Lodzia bí wọ́n ṣe máa ń pe ọkọ̀ tó bá fẹ́ fi rìfáàsì wọ àyè rẹ̀ lágbàlá ilé iṣẹ́.

"Máa bọ̀," ló ń wí. "Máa bọ̀, ọmọ mi. Ọ̀tún díẹ̀. Ó dáa. Máa bọ̀."

Ojú mi kún fún omi. Àwọn bàbá náà pín ara wọn sápá ọ̀tún àti apá òsì ọkọ̀, wọ́n sì ń bá wa rìn lọ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹkún ni pé gbogbo wọn ló ti ọwọ́ bọ àpò. Bàbá Hipolit ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kó má di pé ẹnì kan á sọ lọ́la pé wọ́n tì í.

Bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Feliks dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú òdòdó láyà. Lodzia tẹ bíréèkì, ó pa ẹ́ńjìnnì, kò sì yíjú síbì kankan. Feliks sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn yí ọkọ̀ ká. Òun ti kí búùtù yẹn ju bí èmi ṣe kí àbúrò mi lọ, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n.

"Lodzia," ló wí, "ẹ̀yìn lo fi wá."

"Èwo ni ẹ̀yìn?"

"Èyí."

"Ta ló sọ? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́ lo ti ń sọ pé o ò mọ̀ ọ́n. O ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ìgbà wo lo wá kọ́ ọ?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Etí Feliks pọ́n. Ó yíjú sí Bàbá Hipolit.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é, ẹ bá wa dá a. Èwo ni iwájú ọkọ̀ yìí?"

Bàbá Hipolit yọ ọwọ́ lápò. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo búùtù, ó tún padà wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fara balẹ̀ wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Ọmọ mi," ló wí, "wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn ó pẹ́. Mo ti gbàgbé."

Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ to jíà. Feliks wò ó, ó wo àwọn bàbá yòókù tí wọ́n ṣì ti ọwọ́ bọ àpò, ó wo Lodzia tí ìbòjú rẹ̀ ti tutù lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó lọ síbi búùtù, ó tẹrí ba bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Lodzia," ló wí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé e wá."

Lodzia bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ títí Fada fi jáde wá wo ohun tó dé. Ìgbà tá a wá wọlé la mọ̀ pé ọrùn ìyàwó ò padà mọ́. Ọ̀tún ló yí sí, ọ̀tún rẹ̀ náà ni ọkọ ìyàwó dúró sí.

"Ọmọ mi, wo pẹpẹ," Fada rọra sọ fún un.

"Fada, mi ò lè ṣe é."

"Ìyàwó tí kò lè gbójú kúrò lára ọkọ rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni," Fada wí, ó sì ń bá ìsìn lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Hipolit ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbá ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jíà sì tú sílẹ̀. Kò tiẹ̀ wá ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wà kó tó ṣí i. Kí oṣù tó yí po, Feliks ta Chevrolet rẹ̀, kò ṣàròyé, ó kàn máa ń yí ojú síbòmíràn tí ọ̀kan bá kọjá. Inú Studebaker yẹn ni wọ́n gbé àwọn ọmọ wọn bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Ó ṣì wà nínú gáréèjì wọn. Tí ohun kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, Lodzia á rìn káàkiri àgbàlá àwọn arúgbó ìlú wa títí á fi rí ẹni tó ní òmíràn. Ó ṣì máa ń kó ìjókòó rẹ̀ rán lọ́tun tó bá gbó.

Ọrùn yẹn ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi sàn. Mo ti sọ fún àwọn ọmọge tó ń mí kanlẹ̀ níwájú fọ́tò pé rìfáàsì ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìfẹ́. Àmọ́ fọ́tò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n yà nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé àádọ́ta ọdún. Àwọn méjèèjì dúró ti ọkọ̀ náà, irun wọn ti funfun, Feliks sì ń tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó ń gbàwé ìrìnnà. Kò sí ohun tó ṣe Lodzia lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo mú kámẹ́rà dání. Mo ní, "Lodzia, wo ibí." Ó ní òun ti gbọ́, kò sì yíjú kúrò lára ọkọ rẹ̀.